Ojú sí Òkè, Gbòǹgbò Nínú Ilẹ̀: Àyẹ̀wò Sáàmù 121 Gẹ́gẹ́ bí Ewì Ìfìdímúlẹ̀ fún Onígbàgbọ́ Gúúsù Èkìtì

Àṣamọ̀

Sáàmù 121 jẹ́ ọ̀kan lára àwọn Sáàmù tí ẹnu àwọn onígbàgbọ́ Yorùbá mọ̀ jù lọ. Bí ó ti gbajúmọ̀ tó, ìlàjì ẹsẹ rẹ̀ kìíní nìkan ni a máa ń gbọ́ nígbà púpọ̀. Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò Sáàmù náà gẹ́gẹ́ bí ewì nínú Bíbélì Mímọ́ èdè Yorùbá. Ó wo ohun mẹ́ta: ìbéèrè tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohùn méjì tó wà nínú rẹ̀, àti àwítúnwí ọ̀rọ̀-ìṣe 'pa mọ́'. Ó tún wo bí a ṣe ń lo Sáàmù bí ọfọ̀, ó sì gbé ohun tó dára nínú ìlò yẹn àti ibi tó kù sí yẹ̀ wò. Àbájáde iṣẹ́ náà ni pé ìwé mímọ́ kò lè fi ìdí onígbàgbọ́ múlẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé gígé ni a ń gé e lò. Ewì náà ní láti wà lódindi kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ gbòǹgbò. Níkẹyìn, iṣẹ́ yìí dábàá ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ lè gbà kọ́ni ní Sáàmù náà ní agbègbè tí òkè wà lójúde onílé gbogbo.

Ìfáárà

Ẹni tó bá ti Adó-Èkìtì wọ Ìkẹ́rẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìlú olókè ni òun dé. Òkè Olósùnta àti òkè Òròlé ga ju ilé gbogbo lọ, ojú sì ń rí wọn láti ọ̀nà jíjìn. Lójú àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ìlú náà, Olósùnta kì í ṣe òkúta lásán. Ibi ìbọ ni, ó ní ọdún tí a ń ṣe fún un, ipò Olúkẹ́rẹ́ sì so mọ́ ìsìn rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí a bá kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ tí a kọrí sí Ìsẹ̀ àti Emùré, ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ igbó àti oko, síbẹ̀ àpáta kò jìnnà sí ojú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ gbà pé ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá.

Nínú irú agbègbè bẹ́ẹ̀, bí ọmọdé kan bá dìde ní ilé ìjọsìn láti ka Sáàmù 121 ní àkàsórí, òkè tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe òkè inú ìwé nìkan. Òkè tó lórúkọ ni. Òkè tí bàbá bàbá rẹ̀ lè ti gbójú sí fún ìrànlọ́wọ́ ni. Ní ìhà kejì, òkè ti di ibi àdúrà fún àwọn onígbàgbọ́ fúnra wọn. Àwọn ìjọ Aládùúrà ti sọ lílọ sí orí òkè fún ààwẹ̀ àti àdúrà di ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, 'òkè', ń tọ́ka sí ojúbọ, ó ń tọ́ka sí ibùdó àdúrà, ó sì tún ń tọ́ka sí ohun tí onísáàmù rí.

Ìbéèrè tí ó kan lámèyítọ́ níhìn-ín ni èyí: kí ni ewì náà sọ nípa òkè gan-an? Ǹjẹ́ ó ní láti ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ti ń wá? Àbí ohun mìíràn ni ó sọ? Ìdáhùn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán. Ó kan ibi tí onígbàgbọ́ fi ìdí ìgbàgbọ́ rẹ̀ sọlẹ̀ sí.

Bí ìwé náà ṣe dé ọwọ́ òǹkàwé Èkìtì

Kí a tó wo ewì náà, ó yẹ kí a mọ irú èdè tí a fi kọ ọ́. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òsoògùn, ni orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ Bíbélì Yorùbá jù lọ. Wọ́n mú un lẹ́rú ní 1821, wọ́n dá a sílẹ̀ ní Freetown ní 1822, ó sì gba oyè àlùfáà ní 1843. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Òun àti àwọn mìíràn, bí i Thomas King, ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà, títí tí Bíbélì fi pé odindi ní àwọn ọdún 1880.

Àwọn ọdún yẹn gan-an ni ogun Kíríjì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ń parí lọ. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, àwọn ibùdó ogun sì túká ní 1893. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti wà lóko ẹrú tàbí ní àjò ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó padà sílé, tí àwọn kan nínú wọn sì mú ìwé àti ìgbàgbọ́ tuntun bọ̀. Ìròyìn Babamúbọ̀ni ní Adó-Èkìtì jẹ́ àpẹẹrẹ kan tí ó wà lákọsílẹ̀. Kì í ṣe àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ ka ìwé náà sí etí ọ̀pọ̀ ará Èkìtì, bí kò ṣe ọmọ ìyá wọn tí ó ti àjò dé.

Èdè tí wọ́n mú bọ̀ kì í ṣe ẹ̀ka-èdè Èkìtì. Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ni ìpìlẹ̀ Yorùbá inú Bíbélì. Ẹni tó ń pe ilé ní 'ulé', tó ń pe iṣu ní 'uṣu', ni ó jókòó láti ka ìwé tí a kò fi ohùn tirẹ̀ kọ. Síbẹ̀ ó kà á, ó há a sórí, ó sì fi gbàdúrà. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, tí í ṣe ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1965 nípa àwọn míṣọ́nnárì pé iṣẹ́ ìwé kíkọ àti ìtumọ̀ ló ṣe kókó nínú ìdásílẹ̀ ìjọ. Lamin Sanneh (1989) sọ ọ́ síwájú: nígbà tí ìwé mímọ́ bá ti wọ inú èdè kan, àwọn elédè náà ni wọ́n di onílé, míṣọ́nnárì sì di àlejò. Bí ọ̀rọ̀ Sanneh bá jẹ́ òtítọ́, a gbọ́dọ̀ lè rí i nínú ewì kan ṣoṣo. Sáàmù 121 jẹ́ ibi tó dára láti wò ó.

Ìbéèrè tó wà ní ẹsẹ kìíní

Orin ìgòkè ni àkọlé Sáàmù yìí pè é. Ó jẹ́ ìkejì nínú àwọn Sáàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jẹ́ irú orin bẹ́ẹ̀, láti 120 dé 134. Ẹsẹ mẹ́jọ péré ni ó ní. Ní ẹsẹ kìíní, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbójú sókè sí àwọn òkè, ó sì mẹ́nu ba ìrànlọ́wọ́.

Bí a ṣe so ojú tí a gbé sókè mọ́ ìrànlọ́wọ́ ni ìtumọ̀ ti yàtọ̀ láàrin èdè sí èdè. Nínú Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, ìlàjì kejì ẹsẹ náà jẹ́ gbólóhùn asàpèjúwe tó rọ̀ mọ́ òkè. Ẹni tó bá kà á lè gbà pé àwọn òkè gan-an ni orísun ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀, me'ayin, jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣèbéèrè. Ohun tó túmọ̀ sí ni 'láti ibo?' Àwọn tó tún Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì yẹ̀ wò ní 1885 ṣe àtúnṣe sí i, wọ́n sì sọ ọ́ di ìbéèrè.

Bíbélì Yorùbá lo 'níbo'. Ìbéèrè ni ó fi síbẹ̀. Bíbélì Yorùbá Òde Òní tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ náà kò yí i padà. Èyí túmọ̀ sí pé àgbà obìnrin kan ní Emùré tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, tí ó ń ka Bíbélì rẹ̀ ní Yorùbá, súnmọ́ ohun tí onísáàmù sọ ju ọmọ ilé-ìwé tó há Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 sórí lọ.

Kí ni ìyàtọ̀ tí ìbéèrè náà mú wá? Nínú ìṣọwọ́lo-èdè, ìbéèrè máa ń dá ọkàn dúró. Gbólóhùn àlàyé máa ń pa ọ̀rọ̀ dé, ṣùgbọ́n ìbéèrè máa ń ṣí i sílẹ̀. Nígbà tí onísáàmù wí pé òun gbójú sí òkè tó wá bèèrè pé níbo, ó ń jẹ́wọ́ pé òun rí òkè, òkè náà sì tóbi, ṣùgbọ́n rírí tí òun rí i kò tíì yanjú ọ̀rọ̀. Ìdáhùn wà ní ẹsẹ kejì: ọ̀dọ̀ Olúwa tó dá ọ̀run àti ayé ni. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè pèsìjẹ tí a kò retí ìdáhùn sí. Ìdáhùn rẹ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró sí ẹsẹ kìíní kò ní í bá a pàdé.

Àwọn onímọ̀ Bíbélì kò fohùn ṣọ̀kan lórí irú òkè tí onísáàmù ń wò. Àwọn kan ní òkè Síónì ni, níbi tí Tẹ́ḿpìlì wà. Àwọn mìíràn ní àwọn ibi gíga tí a ti ń bọ òrìṣà ni. Àwọn kan sì ní òkè ojú ọ̀nà ni, níbi tí ọlọ́ṣà àti ewu ń ba de arìnrìn-àjò. Ewì náà kò dárúkọ òkè kankan, ó sì dà bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó dájú ni pé kò bú òkè. Kò sọ pé kí a wó o. Ó kàn gbójú kọjá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó dá a ni. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni náà dá ayé, òkè wà lára ohun tí ó dá.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún onígbàgbọ́ Ìkẹ́rẹ́ ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní, ó fi yé e pé òun kò nílò láti kẹ́gàn ẹni tó ń ṣe ọdún Olósùnta kí ìgbàgbọ́ tòun tó lè dúró. Ìgbàgbọ́ tó jẹ́ pé ìbú ẹlòmíràn ló fi ń dúró kò tíì ní ìdí tirẹ̀. Ọ̀nà kejì, ìbéèrè kan náà kọjú sí òun fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá gun orí òkè àdúrà. Bí ó bá rò pé òkè náà ni agbára wà lára rẹ̀, tí erùpẹ̀ rẹ̀ tàbí omi rẹ̀ sì ti di ohun àfẹ̀yìntì, 'níbo' inú Sáàmù yìí ń bá òun náà wí.

Ohùn méjì nínú orin kan

Ohun kejì tó yẹ fún àfiyèsí ni ìyípadà ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ. Ní ẹsẹ kìíní àti ìkejì, 'mi' ni ó gbòde. Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ àti ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Láti ẹsẹ kẹta títí dé òpin, 'mi' kò sí mọ́. 'Ọ' àti 'rẹ' ni ó kù. Ẹlòmíràn ti gba ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń bá ẹni àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Òǹkàwé Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ìgbékalẹ̀ yìí. Ó mọ lílé àti gbígbè nínú orin. Ó mọ bí ọmọ tó ń lọ sí àjò ṣe máa ń kúnlẹ̀, tí yóò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, tí àgbà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún un. Láti ìgbà tí ìwúre bá ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ àfi 'àmín' tàbí 'àṣẹ'. Àárín ẹsẹ kejì àti ìkẹta Sáàmù yìí ni ọmọ ti kúnlẹ̀ tí àgbà ti la ẹnu. Ìparí ewì náà tilẹ̀ fi èyí hàn, nítorí 'àlọ' àti 'àbọ̀' ni atúmọ̀ fi gbé ìjáde àti ìwọlé inú Hébérù jáde. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a fi ń wúre fún arìnrìn-àjò nílẹ̀ Yorùbá láti ayébáyé. Atúmọ̀ kò wá ọ̀rọ̀ náà jìnnà. Ẹnu àwọn òbí ló ti rí i.

Ohun tí ìgbékalẹ̀ yìí ń kọ́ni ni pé ènìyàn kì í nìkan fi ìdí ara rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bèèrè ní ẹsẹ kìíní ni ó dá ara rẹ̀ lóhùn ní ẹsẹ kejì, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tó fún ìrìn-àjò. Ó nílò ẹlòmíràn tí yóò tún un sọ fún un ní 'ọ' àti 'rẹ'. Bí ẹnìkan bá gé ẹsẹ kìíní lò, 'mi' nìkan ni ó mú dání. Ó ti fi ìjọ sílẹ̀, ó sì ti fi ìyá àti bàbá tó wúre fún un sílẹ̀ pẹ̀lú.

Àwítúnwí 'pa mọ́'

Ohun kẹta ni àwítúnwí. Nínú Hébérù, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tó túmọ̀ sí ṣíṣọ́ tàbí pípamọ́ jẹyọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàrin ẹsẹ kẹta àti ìkẹjọ. Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 pín in sí ọ̀nà méjì: ó lo ọ̀rọ̀ kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì yí i padà sí òmíràn fún ẹ̀ẹ̀mẹta tó kù. Ìró ìlù tó ń dún kan náà ti já nínú èdè yẹn. Bíbélì Yorùbá di 'pa mọ́' mú jálẹ̀, ó sì ṣẹ̀dá 'olùpamọ́' láti ara rẹ̀ ní ẹsẹ karùn-ún. Etí tó ń gbọ́ ọ ní Yorùbá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra bí ẹni ń kan ìṣó sí ojú kan.

Àwítúnwí kì í ṣe àṣìṣe tàbí àìní ọ̀rọ̀ nínú ewì Yorùbá. Ọlátúnjí (1984) kà á mọ́ àwọn àbùdá tí a fi ń dá ewì alohùn mọ̀, ó sì ń fi ìtẹnumọ́ hàn. Níhìn-ín, ó tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Bí a bá tò ó wò, ohun tí a ń pa mọ́ ń gbòòrò sí i: ẹsẹ̀ tí kò gbọdọ̀ yẹ̀, Ísírẹ́lì lápapọ̀, ọ̀sán àti òru lábẹ́ oòrùn àti òṣùpá, ọkàn, àlọ, àbọ̀, títí dé ayérayé. Ewì náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré bí àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì parí sí ibi tí kò lópin. Ẹni tó bá ti rìn lórí àpáta Ìkẹ́rẹ́ lẹ́yìn òjò mọ ohun tí ẹsẹ̀ yíyẹ̀ jẹ́. Kò sí ìdí láti fi àfiwé wá a.

Sáàmù bí ọfọ̀: èrè rẹ̀ àti ibi tó kù sí

A kò lè sọ̀rọ̀ Sáàmù láàrin Yorùbá kí a má mẹ́nu ba ìlò rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ agbára. David Tuesday Adamo (2001) ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí. Àlàyé rẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì ní kí àwọn tó gbàgbọ́ sọ oògùn àti ọfọ̀ nù, wọn kò fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀tá ṣì wà, àìsàn ṣì wà, àìrí-ṣe ṣì wà. Àwọn onígbàgbọ́ ìjọ ìbílẹ̀ wá inú Bíbélì fúnra wọn, wọ́n sì rí Sáàmù. Wọ́n pín in sí ti ààbò, ti ìwòsàn àti ti àṣeyọrí.

Lámèyítọ́ tó bá fi ojú yẹ̀yẹ́ wo èyí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìlò yìí fi hàn pé Yorùbá mọ ewì tó ní agbára nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Wọ́n dá àwítúnwí mọ̀, wọ́n dá àṣẹ mọ̀. Òun ni kò jẹ́ kí Sáàmù di ìwé tí a gbé sórí pẹpẹ tí eruku bò. Ẹni tó ń ka Sáàmù sínú omi ní òru, nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, ń fi gbogbo ọkàn rẹ̀ kà á.

Ibi tí ìlò náà kù sí ni pé ó máa ń gé ewì. Ọfọ̀ ń wá ìlà tó mú ṣinṣin tí yóò ṣiṣẹ́ kíákíá. Nínú Sáàmù 121, ìlà tó kọ́kọ́ wá sí ẹnu ni ti òkè, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì máa ń dúró. Bí a bá dúró níbẹ̀, ìbéèrè ti di gbólóhùn àlàyé láìmọ̀, ìdáhùn ti sọnù, ohùn kejì ti dákẹ́, kò sì sí 'pa mọ́' kan ṣoṣo nínú ohun tó kù.

Àpẹẹrẹ kan wà ní agbègbè yìí tó lè là á yéni. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó kú ní 1938, gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ láàrin 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tó ní ère ọba lórí ìtẹ́ àti olorì rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ti wà ní ilé-ọnà ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà báyìí. Ìlẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin náà lọ sí ibi àfihàn ní Wembley ní 1924, ó sì kù sí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹwà òpó náà kò dín kù. Àwọn tó ń wò ó ní Chicago ń yà sí i. Ṣùgbọ́n kò gbé òrùlé kankan ró mọ́. Ẹsẹ Bíbélì tí a yọ kúrò nínú Sáàmù rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀: ó ṣì lẹ́wà, ó ṣì ṣeé wò, ṣùgbọ́n kò gbé ilé kankan dúró.

Egbò àti gbòǹgbò

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi dá ẹjọ́ yìí. Nínú lẹ́tà sí àwọn ará Kólósè, orí kejì, níbi tí àpọ́sítélì ti gba àwọn onígbàgbọ́ níyànjú pé kí wọ́n dúró ṣinṣin, ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá lò ni gbòǹgbò. Àpọ́sítélì so àfiwé igi pọ̀ mọ́ àfiwé ilé níbẹ̀. Sáàmù kìíní náà sọ̀rọ̀ igi tó wà létí odò, ohun tí àgbẹ̀ tó ń dáko lẹ́bàá odò Ògbẹ̀sẹ̀ kò nílò kí a ṣàlàyé fún un. Nínú òwe afúnrúgbìn, Mátíù orí kẹtàlá, èyí tó bọ́ sórí àpáta hù kíákíá, ó sì gbẹ nítorí pé kò ní gbòǹgbò.

Gbòǹgbò yàtọ̀ sí egbò nínú ìlò. Egbò ni ohun tí oníṣègùn ń wà, tí ó ń gé, tí ó ń sè. Ara rẹ̀ ni 'egbòogi' ti wá, tí a fi ń pe oògùn. Gbòǹgbò ni èyí tó wà nínú ilẹ̀ tó ń gbé igi ró. Ó lè jẹ́ ohun kan náà ni lára igi. Ibi tí a fi í sí ni ó yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹsẹ Sáàmù tí a gé lò nítorí ìṣòro ọjọ́ kan jẹ́ egbò. Ó lè wo àìsàn. Ṣùgbọ́n igi tí a wà gbogbo rẹ̀ ní egbò yóò wó. Àgbà oníṣègùn mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń wà díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí yóò sì fi ilẹ̀ bo ìyókù.

Ọ̀rọ̀ náà kò wá jẹ́ pé kí onígbàgbọ́ má ṣe gba Sáàmù ní àdúrà nígbà ìpọ́njú. Ohun tí ó jẹ́ ni pé kí ó padà sínú odindi rẹ̀ lẹ́yìn tí ìpọ́njú bá lọ, kí ó sì ti máa gbé inú rẹ̀ kí ìpọ́njú tó dé. Igi tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ń pẹ́ kí ó tó rí pàlàpálá tí gbòǹgbò rẹ̀ yóò gbà wọlẹ̀. Bí ó bá ti rí i, ìjì kì í tètè gbé e.

Ohun tó kan olùkọ́

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Àwọn ni wọn yóò kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá àti Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ní àwọn ilé-ìwé agbègbè yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ lóde òní ló jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń há ẹsẹ Bíbélì sórí, tí wọ́n sì ń kà á lórí ẹ̀rọ alágbèéká. Bí ó bá jẹ́ ìtumọ̀ 1611 ni wọ́n há, 'níbo' kò sí nínú ohun tí wọ́n mọ̀.

Àbá mẹ́rin ni iṣẹ́ yìí mú wá. Èkíní, kí olùkọ́ jẹ́ kí kíláàsì ka ẹsẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sókè kí ó tó ṣàlàyé ohunkóhun. Èkejì, kí ó pín ewì náà fún ẹgbẹ́ méjì, kí àwọn kan ka ibi tí 'mi' wà, kí àwọn yòókù sì ka ibi tí 'ọ' àti 'rẹ' wà. Ìyípadà ohùn náà yóò yé wọn láìsí ìwé gírámà. Ẹ̀kẹta, kí ó ní kí wọ́n ka iye ìgbà tí 'pa mọ́' jẹyọ, kí wọ́n sì sọ ohun tí a ń pa mọ́ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹrin, kí ó béèrè orúkọ àwọn òkè tó wà ní ìlú wọn, kí ó sì ṣọ́ra kí ẹ̀kọ́ náà má di ìyẹ̀yẹ́ sí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ọmọ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ àti ọmọ Mùsùlùmí wà ní kíláàsì kan náà. Ewì náà fúnra rẹ̀ kò bú òkè. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi ohun tí kò sí nínú rẹ̀ kún un.

Ó tún yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé èdè Bíbélì àtijọ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Àkọtọ́ bí 'yio', 'nyin' àti 'li' ti di àjèjì sí ọmọ tó kọ́ àkọtọ́ òde òní. Àlàyé díẹ̀ lórí èyí ṣáájú kíkà yóò dín ìkọ̀sẹ̀ kù.

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé Sáàmù 121 nínú èdè Yorùbá jẹ́ ewì tí ìtumọ̀ rẹ̀ dúró déédéé. Ó pa ìbéèrè Hébérù mọ́ níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ti fi í nù, ó pa àwítúnwí mọ́ níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti pín in, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìwúre ilé parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Sanneh rí ẹ̀rí níhìn-ín: onílé ni Yorùbá jẹ́ nínú ìwé náà.

Àìkàtán ni ó ń sọ onílé di àlejò. Onígbàgbọ́ tó ń gbé abẹ́ Olósùnta, tó ń ka ẹsẹ kìíní lójoojúmọ́ láìdé ẹsẹ kejì, ń béèrè ìbéèrè tí kò dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Bí ó bá dúró, yóò gbọ́ ìdáhùn, yóò gbọ́ ohùn ẹlòmíràn tó ń wúre fún un, yóò sì gbọ́ 'pa mọ́' lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Òkè yóò ṣì wà níwájú ilé rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Òun náà yóò ti mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ òun ti ń wá.